Ìbọn Mẹ́ta Tí Mo Fi Igi Gbẹ́ Fún Làtífátù

Abúlé Ìdíòro,
Òkè-Ògùn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Mááṣì, ọdún 2007.

Làtífátù ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá yín gbé nínú ilé tuntun yín ní Adamstown. Ṣé dáadáa ni o wà? Kabir ọkọ rẹ ńkọ́? Ihsan ọmọ-ọmọ mi ńkọ́? Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró de bọ́ọ̀sì. Bí o ṣe ń jáde lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ní Mulhuddart lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa padà wọlé ní àlàáfíà, ẹrù kò ní já lé ọ lórí, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, òtútù ibẹ̀ kò ní wọ̀ yín léegun. Àmín. Èmi náà wà, ara mi le, eyín mi tó kù sì wà níbi tí wọ́n wà.

Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní ẹja gbígbẹ tí o sọ pé o ń rí rà ní Moore Street yẹn, kí o máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí a kò mọ ojú ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Munirat àbúrò rẹ ń kí ọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́. Ògúntádé alágbẹ̀dẹ ọ̀rẹ́ mi ń kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn alágbẹ̀dẹ Dublin ṣì ń lo ẹwìrì, kí o bá òun wò ó. Ewúrẹ́ tí o fi owó rẹ rà ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, akọ náà sì ti ń kan ènìyàn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sì ti kọ ebè.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù lóṣù tó kọjá nígbà tí mo gun orí àpáta lọ wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn ènìyàn máa ń bá mi jà pé mò ń pariwo sínú fóònù, wọn kò rò ó pé Dublin jìnnà ju Èkó lọ. Bí mo bá ń bá Hamid ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀ ní Èkó, jẹ́jẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́, ti Dublin ni mo máa ń fi gbogbo ohùn sọ, nítorí pé òkun wà láàárín. Ihsan gba fóònù, mo bi í bóyá ara rẹ̀ le, ó ní grand, èyí tí o ní ó túmọ̀ sí dáadáa, mo bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní grand, mo bi í bóyá ó ń kírun, ó tún ní grand. Ọmọ tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà ni, Ọlọ́run yóò dá a sí fún wa.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù ni ti ìbọn. O ní o ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí bébà, o ní láti ìgbà tí o ti fi ilé sílẹ̀, Sátidé tí o bá wà níbẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ máa ń parọ́rọ́. O ní ìbọn ẹgbẹ́ ni o ń yá lò, ó sì ti tó àkókò kí o ní tìrẹ, ìbọn ìléwọ́ kékeré, pọ́íntì tú-tú, irú èyí tí ìbọn ń gbá etí ìdí ọta rẹ̀ kó tó dún, tí ọta náà kò wọ́n. O ní o rí mẹ́ta, o kò mọ èyí tí wàá mú. Kí n tó lanu, o ti ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé ilé wa ń jò, pé owó páànù ni wàá fi ránṣẹ́, pé ìbọn lè dúró. O rẹ́rìn-ín sí i. Èmi tí mo bí ọ mọ ẹ̀rín rẹ tó dénú, ìyẹn kọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi fọ́tò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́, kí o kọ gígùn wọn àti ìwọ̀n wọn sẹ́yìn rẹ̀, kí o sì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ lé bébà, kí o fi bírò yí i po, bí a ṣe máa ń ya ẹsẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ ra bàtà fún wa. O ní kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ rẹ ṣe, mo ní kí o ṣáà yà á. Gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ mi, o ṣeun. O sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Fintan, bàbá àgbà tó ń kọ́ yín, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ló ni ìkejì nínú wọn, pé yóò bá ọ tọ́jú rẹ̀ di ìparí oṣù yìí, lẹ́yìn náà yóò tà á fún ẹlòmíràn. Nítorí náà má fi lẹ́tà yìí ṣeré, kà á tán kí o tó bọ́ kóòtù rẹ.

Mo ti ṣàlàyé fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ìdí tí ẹ fi ń yìnbọn sí bébà. Ojú wọn kọ́kọ́ fà ro, wọ́n ní kí ni ẹ ń fi bébà sè, ṣé kò ní jẹ́ pé ebi ń pa yín lọ́hùn-ún. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ní ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé kò sí ejò kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Ireland, kò sí ìkookò, kò sí ẹkùn. Ta ló pa wọ́n tán? Ọdẹ náà ni. Àwọn baba ńlá wọn yin gbogbo rẹ̀ tán, àwọn ọmọ kò rí nǹkan kan pa mọ́, bébà ló kù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Adélékan olórí ọdẹ wa tiẹ̀ ní kí àwa náà rọra máa pa ẹran níhìn-ín, kó má baà di pé a óò máa ṣọ́ bébà nínú igbó bó dọ̀la.

Àpótí irin tí o ní àwọn ọlọ́pàá ní kí ẹ kàn mọ́ ògiri, kí o máa ti ìbọn mọ́ inú rẹ̀, mo fara mọ́ ọn gan-an, ìjọba tó mọ nǹkan ni. Kó ìwé ilé yín àti góòlù rẹ síbẹ̀ pẹ̀lú, olè wo ló máa lọ jí nǹkan lọ́dọ̀ ìbọn? Fọ́ọ̀mù tí o ní ó ń béèrè ìdí tí o fi fẹ́ ní ìbọn, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdẹ ni bàbá mi. Ìdí wo ni wọ́n tún ń wá lẹ́yìn ìyẹn? Ti pé wọ́n ní kí ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí jẹ́rìí sí ìwà rẹ, ó dùn mí díẹ̀, nítorí ta ló mọ̀ ọ́n tó èmi, àmọ́ bí Fintan àti lèmọ́mù yín bá ti fẹ́ bá wa jẹ́rìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ẹnu mi ni wọ́n ń yá lò.

Wàyí o, àwọn ìbọn. Mo wo fọ́tò wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ dúdú látòkè délẹ̀, rọ́bà ló pọ̀ jù lára rẹ̀, tuntun ni, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Ti Fintan, irin ni gbogbo ara rẹ̀, àlòkù ni, ó ti họ díẹ̀ ní imú, owó rẹ̀ kò ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Ẹ̀kẹta, Làtífátù, ìdí ẹ̀kẹta yẹn igi ni, wọ́n gbẹ́ ibi tí àtàńpàkò yóò sùn sí, wọ́n gbẹ́ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ yóò fẹ̀yìn tì. Mo gbé fọ́tò náà lọ́wọ́ títí ìyá rẹ fi bi mí bóyá mo fẹ́ fi í ṣe ìyàwó kékeré. Àmọ́ o ní owó rẹ̀ á kan páànù ilé wa, á tún kan ti mọ́ṣáláṣí, mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un láti òkèèrè.

Ojú kò tó láti fi yan ìbọn, ọwọ́ ní í yàn án. Mo wá igi apá tó gbẹ dáadáa, mo gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí gígùn tí o kọ. Ògúntádé lu ihò sínú wọn, ó yọ́ òjé sí i, a gbé wọn lé òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran títí ìwọ̀n wọn fi bá ti ẹ̀yìn fọ́tò mu. Mo pe Munirat, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ tí o yà, ó bá a mu àfi ìka ọmọńdinrín nìkan. Mo ní kó na ìbọn sí òkánkán igi ọsàn, mo gbé kọ́bọ̀ àtijọ́ kan lé imú ìbọn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà. Ti àkọ́kọ́, iwájú rẹ̀ fúyẹ́ jù, ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n, kọ́bọ̀ ti já kí n tó ka Fátíà kan parí. Ti ẹ̀kẹta, arẹwà yẹn, ìdí rẹ̀ kún ọwọ́ jù, ìka rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ń fà láìjẹ́ pé ó yí ọwọ́ padà, kọ́bọ̀ já ní ìkẹta. Ti Fintan ló bọ́ sí i lọ́wọ́ tí ó jókòó síbẹ̀. Ó wúwo díẹ̀ níwájú, ìwúwo yẹn gan-an ló ń mú un dúró. Mo ka Fátíà méje, kọ́bọ̀ kò mira, mo tún ka ẹ̀kẹjọ nítorí ayọ̀, ìgbà náà ni Munirat ní apá ń ro òun.

Mo wá rò ó pé kí n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ sí ọ, kí ọwọ́ rẹ fúnra rẹ̀ dájọ́. Mo fi àpò sìmẹ́ńtì dì wọ́n dáadáa, mo wọ aṣọ Júmọ́à mi, mo gbé wọn lọ sí pósìọ́fíìsì ìlú. Akọ̀wé obìnrin kan fún mi ní fọ́ọ̀mù, ọmọlúàbí gidi ni. Fọ́ọ̀mù náà ní kí n kọ ohun tó wà nínú ẹrù. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í purọ́ fún ìjọba. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: ìbọn mẹ́ta. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, mo kọ ọ́ pé fún ọmọ mi obìnrin ní Dublin, kó lè mú èyí tó bá wù ú. Akọ̀wé náà kà á, ó tún un kà, ó dìde jẹ́jẹ́, ó ní òun ń lọ mú sítáǹbù.

Sítáǹbù náà pẹ́. Nígbà tó máa dé, ọlọ́pàá mẹ́rin ló tẹ̀ lé e, mo rò pé wọ́n fẹ́ sin ẹrù náà dé Dublin ni, inú mi dùn pé wọ́n ka ẹrù rẹ sí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀, ẹnì kan jókòó lápá ọ̀tún mi, ẹnì kan lápá òsì, kí n má baà ṣubú. Nígbà tí a dé ilé wọn, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n tú bẹ́líìtì, kí n kó ohun tó wà lápò mi sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Mo ní ẹ wò ó, àwọn ọlọ́pàá ayé òde òní ti bẹ̀rù Ọlọ́run. Mo bi wọ́n níbi tí omi àlùwàlá wà. Wọ́n wo ara wọn lójú.

Ọlọ́run ló mú D.P.O. wọn dé. Ó tú ẹrù, ó gbé ìbọn kan, ó fi èékánná họ ọ́, ó rí i pé igi ni, ó bi mí pé bàbá, kí lẹ ń ṣe? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Mo yọ bébà ọwọ́ rẹ, mo yọ fọ́tò, mo yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ sájẹ́ǹtì. Wọ́n yí tábìlì náà ká. D.P.O. na ti àkọ́kọ́, kọ́bọ̀ já. Ó na ti ẹ̀kẹta, kọ́bọ̀ já. Ó na ti Fintan, kọ́bọ̀ dúró, ó ní ọmọ yín kò gbọdọ̀ mú òmíràn. Ó wá sọ fún mi pé bí ẹrù yìí bá balẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Dublin, ìwọ ni wàá bọ́ bàtà, ibẹ̀ kò sì ní jọ mọ́ṣáláṣí rárá. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, Làtífátù. Ó fi ọkọ̀ gbé mi délé, ó sì gba ẹ̀kẹta lọ́wọ́ mi, ó ní òun yóò máa fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ lórí tábìlì òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán Gbádébọ̀ ọmọ Tíṣà, tó ń padà sí Dublin lọ́jọ́bọ̀, n kò tí ì fẹ́ kí akọ̀wé yẹn tún rí mi.

Nítorí náà gbọ́ ìmọ̀ràn bàbá rẹ. Ti Fintan ni kí o mú, àmọ́ má fi ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ mi nìkan rà á. Sọ fún Fintan kó jẹ́ kí o yìn ín ní Sátidé méjì. Jẹ́ kó tú u níṣojú rẹ, kí o yọjú wo inú ihò rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, bí inú rẹ̀ bá ń dán, tí kò jẹ, ó dára, híhọ tó họ lẹ́yìn kò ní kí ó má yìn dáadáa. Béèrè bóyá àwọn nǹkan inú rẹ̀ ṣì wà lọ́jà, nítorí ìbọn tí sípíríǹgì rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, irin lásán ni. Ra ọta olówó pọ́ọ́kú, àmọ́ ra díẹ̀díẹ̀ ní oríṣiríṣi, kí o wo èyí tó fẹ́ràn, gbogbo ìbọn ló ní oúnjẹ tó ń bá a lára mu, ṣakabùlà mi kì í jẹ ẹ̀tù àwọn ará òkè odò títí dòní. Kí o sì ná an díẹ̀, má ná an jù. Ẹni tó ń ta ìbọn nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, kì í ṣe owó ló ń wá, ẹni tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀ ló ń wá. Bá mi kí i, sọ fún un pé ojú tèmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, n kò lè sọ ọ́ lórí àpáta nítorí àwọn ènìyàn máa ń dúró gbọ́. O ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà tí mo gbé ìbọn kan lé ọ lọ́wọ́. Mo so èèpo àgbọn márùn-ún mọ́ igi ọsàn, o yin márùn-ún, o ba márùn-ún, n kò rí irú rẹ̀ rí lára ẹni tó jù ọ́ lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì pè mí jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ta ló máa fẹ́ obìnrin tó ń yìnbọn. Ilẹ̀ mọ́, mo gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ, mo gbé e fún Hamid, tó jẹ́ pé ojú méjèèjì ló máa ń dì kó tó yìn. O nu ọwọ́ rẹ sára aṣọ, o gbé korobá, o lọ pọnmi. Hamid ń ta aṣọ ní Èkó báyìí, ìbọn náà ti dípẹtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, obìnrin tó ń yìnbọn sì ti rí ọkọ, ó ti bímọ, ó ń bọ́ gbogbo wa. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀rọ̀, àmọ́ ọwọ́ mi ló gba ìbọn. Mo ṣẹ̀ ọ́, Làtífátù. Má bínú sí mi.

Ti ilé tó ń jò, òótọ́ ni, ó ń jò, àmọ́ ojú méjì péré ló ti ń jò. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, a ti gbé agbada sábẹ́ rẹ̀, omi rẹ̀ ni ewúrẹ́ ń mu. Èkejì wà ní ọ̀gangan àga tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí bí wọ́n bá wá kí wa, n kò sì kánjú láti dí ìyẹn.

Gbogbo lẹ́tà tí mo ti ń kọ sí ọ láti ọdún yìí wá ni mo máa ń tọrọ owó ní ìparí rẹ̀, èyí náà kò ní yàtọ̀. Owó páànù tí o ti kó jọ yẹn, mo tọrọ rẹ̀. Fún mi. Ó ti di tèmi báyìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi pín in. Wàyí o, bí Sátidé méjì yẹn bá ti pé, gbé owó mi lọ fún Fintan, gba ìbọn náà, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ níbi tí o ti rí i, sọ pé bàbá mi ló rà á fún mi.

Bébà àkọ́kọ́ tí o bá fi ìbọn tìrẹ lu, má sọ ọ́ nù, fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gbogbo ihò rẹ̀. Ojú ògiri tó dojú kọ àga tó ń jò yẹn ni mo fẹ́ kàn án mọ́.

Ọlọ́run yóò dúró tì ọ́. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ojú rẹ kò ní ṣe bàìbàì kí ọjọ́ ogbó tó dé, ohun tí o bá nawọ́ sí kò ní bọ́, ẹnikẹ́ni kò ní gba ohun tó wù ọ́ lọ́wọ́ rẹ mọ́ láé. Bébà tí o ya ọwọ́ sí, n kò dá a padà, má bínú. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ àdúrà yìí, ọwọ́ òsì mi wà lórí rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulrasaq ọdẹ.